Oníbàárà ní àwo orin tí ẹ tà kò rí bí ẹ ṣe júwe rẹ̀

Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ kì í gùn. "Ẹ pè é ní VG+, èmi ò rí i kọjá VG. Ojú kejì ń hó gan-an. Ẹ dá ìdajì owó mi padà." (VG+ àti VG ni àmì tí àwa ọlọ́jà fi ń sọ bí àwo ṣe dára tó; VG+ ló sàn jù.) Bí ẹ bá ń ta àwo àtijọ́ lórí Discogs, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta àwo, tàbí lórí eBay, irú èyí á kàn yín lọ́jọ́ kan, pàápàá bó bá jẹ́ àwo Nàìjíríà lẹ ń tà. Àwo Ebenezer Obey lórí Decca, ti Ayinla Omowura lórí EMI, ti Sunny Ade lórí African Songs: púpọ̀ nínú wọn ti lé ní 40 ọdún. Wọ́n ti rí ọyẹ́, wọ́n ti rí ooru, wọ́n ti ṣe òde ìkómọ àti òde ìsìnkú láìmọye. Ẹni tó rà á ní Jámánì tàbí ní Japan ò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Lẹ́tà méjì tí ẹ kọ sábẹ́ orúkọ àwo ló sanwó fún.

Ohun tó sábà máa ń ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ni pé ọlọ́jà á ti máa gbèjà ara rẹ̀ kó tó mọ irú ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Ẹjọ́ ipò àwo kì í ṣe oríṣi kan. Ó lè jẹ́ pé ẹ fún un ní ipò tó ga ju bó ṣe rí lọ. Ó lè jẹ́ ọ̀nà ló bà á jẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ oníbàárà ni kò dára. Ó lè jẹ́ pé oníbàárà fẹ́ràn àwo náà, àmọ́ ó fẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn tó ti rà á tán. Ó sì lè jẹ́ èrú gidi, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣọ̀wọ́n ju bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń rò lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń yanjú rẹ̀, ẹ ò sì lè yanjú ẹ̀ bí ẹ bá ti fi ìbínú kọ èsì àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà yẹn ná, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n Goldmine, ìwé ìròyìn àwọn ará Amẹ́ríkà, ni Discogs ń lò. Láti èyí tó dára jù dé èyí tó burú jù, ó jẹ́: M (Mint), NM (Near Mint), VG+ (Very Good Plus), VG (Very Good), G+ (Good Plus), G (Good), F (Fair), P (Poor). Òṣùwọ̀n àwọn ará Bírítéènì, èyí tí ìwé ìròyìn Record Collector ń lò, ní EX (Excellent) láàárín Mint àti VG, kò sì ní VG+. Nítorí náà, VG ẹni tó ti pẹ́ nídìí àwo ní Lọ́ńdọ̀nù lè sàn ju VG ẹni tó ń lo Goldmine lọ. Lórí eBay, kò sẹ́ni tó fi dandan mú yín lo ọ̀kan. Bí ẹ ò bá kọ èyí tí ẹ lò, oníbàárà á fi tirẹ̀ kà á, ẹjọ́ á sì ti dé kí páálí tó kúrò ní pósítọ́fíìsì. Ẹ rántí pé G, tó dúró fún "Good", kò dára rárá. Àwo tó ń hó, tó kún fún ìlà, àmọ́ tí abẹ́rẹ́ ò fò lórí rẹ̀, òun ni G.

Ààlà tí ẹjọ́ pọ̀ sí jù ni ti àárín VG+ àti VG. Ní ti Goldmine, ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ń rí àmọ́ tí etí ò gbọ́ kò ní kí àwo má jẹ́ VG+. Bí ẹ bá ti lè fi eékánná mọ ibi tó ha, tàbí tí ariwo bá ń jáde níbi tí orin ti rọlẹ̀, ó ti di VG nìyẹn. Àwọn àwo wa wá ní ìṣòro tiwọn. Apá ẹ̀rọ tó wúwo àti abẹ́rẹ́ tó ti kú, tí wọn ò pààrọ̀, ti jẹ ipa tí abẹ́rẹ́ ń gbà, síbẹ̀ kò fi ìlà kankan sílẹ̀ lójú àwo. Ẹ gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ síwájú iná, á máa dán gbinrin. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ, ohùn akọrin á máa ya bí aṣọ. Òmíràn wà tó kún fún ìlà bíńtín-bíńtín torí wọn ò fi sínú àpò, tó sì dún ketekete. Ẹni tó bá fojú lásán díwọ̀n àwo, tí kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú lásán lòun fi wò ó, kò ní ohun tó máa sọ bí oníbàárà bá ní ó ń hó. Ẹ kọ ọ́: "Mo fi ojú wò ó lábẹ́ iná, mi ò gbọ́ ọ," tàbí "Mo gbọ́ ojú méjèèjì tán." Àwo tí wọ́n kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sí lè pẹ́ kó tó tà. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹjọ́ tó ń tẹ̀ lé èké lọ́jà yìí ló wá ń gba owó náà padà.

Ó dáa, iṣẹ́ oníbàárà ti dé. Ẹ fèsì lọ́jọ́ kan náà, inú ìkànnì tí ẹ ti tà á ni kí ẹ sì ti fèsì, kó má jẹ́ lórí WhatsApp, torí ohun tí adájọ́ ìkànnì ò bá rí, kò sí lójú tiẹ̀. Ẹ má sọ pé irọ́ ni. Ẹ má sì tíì sọ pé ẹ máa sanwó. Irú ọ̀rọ̀ báyìí tó:

"Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n mọ̀. Ó dùn mí pé kò tẹ́ yín lọ́rùn, a ó sì yanjú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fọ́tò ojú méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lábẹ́ iná kan ṣoṣo, àti fídíò ibi tó ti ń hó, bíi ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Ẹ bá mi sọ irú ẹ̀rọ àti orí abẹ́rẹ́ tí ẹ ń lò. Bí páálí tí mo fi dì í bá ṣì wà, ẹ ya òun náà, ẹ má sì tíì dà á nù. Bí ó bá wù yín láti dá àwo náà padà kí ẹ gba gbogbo owó yín, ìyẹn náà ṣeé ṣe."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ lóòótọ́ máa ń gbà láti dá a padà. Ẹni tó ní àwo náà kò dára rárá, àmọ́ tí kò fẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ òun, tó kàn fẹ́ 50% padà, owó ló ń ná. Kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, nítorí owó ìfiránṣẹ́ àti wàhálà ìdápadà lè sú olóòótọ́ náà, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Bí fídíò bá dé, ẹ fi aago gbọ́ ọ. Àwo 33⅓ (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn) ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.8, ti 45 ń yí lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí 1.33. Bí ìró "tá" kan bá ń padà wá ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 1.8 gẹ́ẹ́, ìlà kan ló dábùú ojú àwo. Ara àwo ló wà, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tẹ̀ léra, ìṣẹ́jú-àáyá 18 nìyẹn, ẹni tó sanwó VG+ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn. Bó bá jẹ́ pé ó ń ta níhìn-ín lọ́hùn-ún láìní ìlànà, eruku ni, tàbí iná kékeré tó máa ń wà lára ọ̀rá, irú èyí tó máa ń ta wá lára lásìkò ọyẹ́. Bí ohùn bá ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 1.8, àwo ti lọ́, tàbí kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ò lu ihò rẹ̀ sí àárín gan-an. Ẹ ní kó ya fídíò láti ẹ̀gbẹ́ bí àwo ṣe ń yí. Èyí tó lọ́, ẹ máa rí i tó ń jó sókè sódò. Èyí tí ihò rẹ̀ yẹ̀, apá ẹ̀rọ á máa fì sọ́tùn-ún sósì.

Ohùn tó ń ya ló nira jù láti dá ẹjọ́ rẹ̀. Bó bá ń ya láti orin àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ àtijọ́ ti jẹ ipa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé orin tó kẹ́yìn, lẹ́bàá bébà àárín, nìkan ló ń ya, orí abẹ́rẹ́ oníbàárà lè máà tọ́. Ẹ béèrè bóyá orin tó kẹ́yìn lórí àwo rẹ̀ mìíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ń fò, ẹ béèrè iye gíráàmù tí apá ẹ̀rọ fi ń tẹ̀ ẹ́. Orí abẹ́rẹ́ Ortofon 2M Red ń fẹ́ 1.8, Audio-Technica AT-VM95E ń fẹ́ 2.0. Ẹni tó bá fi 1 gíráàmù lo ọ̀kan nínú wọn á rí i pé abẹ́rẹ́ ń fò lórí àwo tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ̀rọ kékeré inú àpótí tó wọ́pọ̀ lóde báyìí náà máa ń fò níbi tí ìlù bá ti wúwo, ẹ sì mọ bí ìlù àpàlà àti fújì ṣe máa ń rí.

Ẹ má fi ìmọ̀ yìí bú u o. "Ẹ̀rọ yín ni kò dáa" kì í yanjú nǹkan kan. Ẹ ní kó fi omi tí wọ́n ti sè gbà, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì ọkọ̀, àti aṣọ múlọ́múlọ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sì tún un gbọ́. Àmọ́ bó bá jẹ́ àwo 78 àtijọ́ ni, ẹ tètè kìlọ̀ fún un pé kó má fi spírítì kàn án. Ṣẹ́láàkì ni wọ́n fi ṣe irú rẹ̀, spírítì sì ń yọ́ ọ. Àwo 78 tí ojú rẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú lẹ́yìn ìfọ̀, ẹni tó fọ̀ ọ́ ló bà á jẹ́.

Ká ní ẹ ti rí i pé oníbàárà jàre, tàbí pé ó jàre díẹ̀. Èló lẹ máa dá padà? Ẹ má mú ìdajì tó pè, ẹ má sì fi ojú lásán pe tiyín. Ojú ewé àwo náà lórí Discogs máa ń fi iye tí wọ́n ti tà á tẹ́lẹ̀ hàn, èyí tó kéré jù, èyí tó wà láàárín àti èyí tó ga jù, ìtàn títà rẹ̀ sì ń fi ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà hàn. Ká ní £60 lẹ tà á ní VG+, tí èyí tó jẹ́ VG ń lọ ní £42. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ jẹ́ £18. Ẹ fi £18 lọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ìṣirò náà hàn án. Ẹni tó rí ìṣirò kì í sábà jiyàn tó ẹni tí wọ́n kàn dá iye kan lé. Bó bá kọ̀, kó dá àwo padà, kí ẹ dá gbogbo owó rẹ̀ padà, títí kan owó ìfiránṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn máa ná yín. Bí owó ìfiránṣẹ́ lọ bá jẹ́ £16, tí ti àbọ̀ náà jẹ́ £16, £32 ti lọ kí ẹ tó tún rí àwo náà tà. Nítorí náà, bó bá béèrè £22 dípò £18, ẹ fún un. Àwo tí kò tó £15, ẹ dá owó padà kí ẹ ní kó mú un. Gbígbà á padà ni ẹ máa fi owó yín ṣòfò sí.

Bó bá sì jẹ́ pé ojú ewé tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ gbé àwo sí, àtúntẹ̀ tí ẹ gbé sí ojú ewé àkọ́tẹ̀, ẹ má jiyàn rárá. Ẹ dá gbogbo owó padà. Ẹni tó ń wá àkọ́tẹ̀ ò nílò àtúntẹ̀, bó ti wù kó dán tó.

Ti ọ̀nà ńkọ́? Páálí àwo, ìyẹn èyí tí àwòrán àti orúkọ orin wà lára rẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ya nígbà tó dé, ọ̀nà ló fà á, àmọ́ ọwọ́ ẹni tó dì í ló wà. Bí àwo bá wà nínú páálí alàwòrán yìí nígbà ìrìnàjò, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ ló ń fi etí gé ojú ìránpọ̀ páálí. Ẹ yọ ọ́ jáde pẹ̀lú àpò inú rẹ̀, ẹ fi í sẹ́yìn páálí alàwòrán náà, kí ẹ fi ọ̀rá bo méjèèjì. Káádíbọ́ọ̀dù kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ìlà inú wọn dábùú ara wọn, torí ibi tí ọ̀kan bá ti fẹ́ tẹ̀ ni èkejì á ti dúró. Bí ó bá ṣì bàjẹ́, oníbàárà ò ní nǹkan kan í bá ilé iṣẹ́ tó gbé e ṣe. Ẹ̀yin lẹ bá wọn ṣàdéhùn, ẹ̀yin lẹ máa bá wọn fà á, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ́ oníbàárà lọ́rùn. Wọ́n lè ní àwọn fẹ́ rí páálí ìta tí ẹ fi dì í. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kó má dà á nù.

Bí ẹ ò bá gbọ́ ara yín yé, ẹjọ́ á lọ sọ́wọ́ ìkànnì, àkókò ló sì máa ń dá ẹjọ́ níbẹ̀ ju òótọ́ lọ. Lórí eBay, oníbàárà ní 30 ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà dé láti sọ pé kò rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀. Bí ẹ tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ ò gba ọjà padà, asán ni lórí irú ẹjọ́ yìí, ẹ̀yin lẹ sì máa san owó ìdápadà. Ọjọ́ iṣẹ́ 3 lẹ ní láti fèsì. Bó bá kọjá, oníbàárà lè ní kí eBay dá sí i. Bí àwo bá ti padà dé ọwọ́ yín, ọjọ́ iṣẹ́ 2 lẹ ní láti dá owó padà. PayPal, ilé iṣẹ́ ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, náà ní iye ọjọ́ tirẹ̀ tí oníbàárà gbọ́dọ̀ fi pe ẹjọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní 20 ọjọ́ láti gbé e kúrò ní àríyànjiyàn lásán kó di ẹ̀sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti parí nìyẹn. Àkọsílẹ̀ pé ọjà dé ọwọ́ rẹ̀ kò gbà yín níbẹ̀, torí kò sọ pé kò dé. Fọ́tò tí ẹ yà kí ẹ tó dì í àti ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ nípa ipò rẹ̀ ni ẹ̀rí yín.

Ẹ má dá owó padà gba ọ̀nà mìíràn. Bó ṣe PayPal ló fi san án, inú ìsanwó yẹn gan-an ni kí ẹ ti tẹ ìdápadà. Ẹni tó fi báńkì ránṣẹ́, tí ẹ̀sùn ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀, lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa sanwó bó bá yí ohun tó kọ nípa yín padà. eBay kò gbà á, oníbàárà á sì fi gbólóhùn yẹn nìkan borí yín.

Fún ẹni tó ń ta àwo ní Bírítéènì gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, òfin tún wà níbẹ̀ láti ọdún 2014: ẹni tó rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi lò fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó dé láti yí ọkàn padà, láìsọ ìdí. Àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù ní irú rẹ̀. Nínú ọjọ́ 14 yẹn, kò sí ìdí fún àríyànjiyàn VG àti VG+ mọ́. Ẹ kàn gbà á padà. Ẹni tó kàn ń ta àwo bàbá rẹ̀ tó wà nínú ilé, tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò sí lábẹ́ èyí, àmọ́ òun náà gbọ́dọ̀ ta ohun tó bá júwe.

Àwo tó ń padà bọ̀ láti òkè òkun, ẹ ní kí oníbàárà kọ ọ́ sí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù pé ọjà tí wọ́n dá padà ni, kí wọ́n má bàa gba owó orí lọ́wọ́ yín lórí ohun tó ti jẹ́ tiyín tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tó bá dé, ẹ tan kámẹ́rà kí ẹ tó fọwọ́ kan sẹ́lótéèpù, kí fídíò náà má sì dánu dúró láti orí àdírẹ́sì ara páálí títí dé ojú àwo. Nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ sí bébà àárín kò tó láti fi mọ̀ pé tiyín ni. Ẹgbẹ̀rún àwo ló ní nọ́mbà WAPS kan náà, irú èyí tí Decca máa ń tẹ̀ sí àwo wa. Ohun tí ẹ máa wò ni èyí tí àwo méjì kì í ní lọ́nà kan náà: ipa tí irin àárín ẹ̀rọ fi sí ẹ̀gbẹ́ ihò, àmì yíǹkì, orúkọ tí ẹnì kan fi bíró kọ, ibi tí ikán ti jẹ páálí, ìlà kékeré kan lẹ́bàá orin kẹta. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò bébà àárín ojú méjèèjì, tí ẹ yà láti súnmọ́lé kí àwo tó lọ, fi wúlò ju fọ́tò páálí tó rẹwà lọ. Bí kò bá bá ara wọn mu, ẹ má dá owó padà ná. Ẹ fi fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ àti fídíò tuntun ránṣẹ́ sí ìkànnì kí ọjọ́ 2 yẹn tó pé.

Bó bá bá ara wọn mu, ẹ dá owó rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Kí ẹ wá gbé àwo sórí ẹ̀rọ, kí ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ó ti ń ta sílẹ̀. "VG, Goldmine. Mo gbọ́ ojú méjèèjì. Ojú kejì ń ta lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀ orin kejì, abẹ́rẹ́ ò fò. Páálí ya ní ìsàlẹ̀, 4 cm, orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀." £42. Ẹ tún un gbé sọ́jà.